Ìdun: Ẹ Yẹ Ibùsùn Wò, Ẹ Má Ṣe Sùn Sínú Májèlé

Ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa, ìdun kì í ṣe àmì ọ̀bùn; ẹrù ìrìn-àjò àti àga àlòkù ni ó sábà máa ń bá wọlé. Nílé tàbí ní ilé ìtura, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ojú rírán fóòmù wò bóyá àbàwọ́n dúdú tó-tò-tó wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe gbé àpò sórí ibùsùn. Bí ẹ bá ti ìrìn-àjò dé, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ yín. Omi tó gbóná dé 60°C ń pa ìdun àti ẹyin rẹ̀.

A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fọ́n òtapíàpíà sórí ibùsùn. Ìdun tó sá pamọ́ lè yè é; ọmọ tó ń fà á símú lè má yè é. Bí ìdun bá pọ̀, ẹ késí àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ yín.