Góòlù Kan Ṣoṣo: Bí Kòrónà Ṣe Da Ìrìnàjò Àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́ Bẹ̀nẹ̀ Rú

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2021, ikọ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ikọ̀ Sàró jọ wà ní ìlú Freetown láti gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ta ọ̀mì nínú wa, bí ó bá jẹ́ Bẹ̀nẹ̀, Kamẹrúùnù ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Ìwé àbájáde àyẹ̀wò àrùn Kòrónà ló dá eré dúró.

Títí di òní, bí a bá dárúkọ Freetown láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ: wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó di ìtàn tí ìran kan ń fi lé òmíràn lọ́wọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ tún ìrìnàjò náà tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, eré dé eré, kí a lè mọ ohun tí àjàkálẹ̀ àrùn gbà lọ́wọ́ wa, kí a sì mọ ohun tí àwa fúnra wa jẹ́ kí ó bọ́.

Nígbà tí ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí ìrókò

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ní ọdún 2019, ikọ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí a ń pè ní Écureuils nígbà náà, gorí ìrókò lóòótọ́. Níbi Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tó wáyé ní Íjíbítì, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, pẹ̀lú Gínì-Bìsáù àti pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Wọ́n bá Mòrókò ta ọ̀mì 1–1, wọ́n sì fi pẹ́náltì 4–1 lé e lọ sílé. Sẹ̀nẹ̀gà ló wá dá wọn dúró pẹ̀lú góòlù kan sí òdo nígbà tí ó ku ikọ̀ mẹ́jọ péré. Bẹ̀nẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìpegedé fún ife tó tẹ̀ lé e, èyí tí Kamẹrúùnù yóò gbàlejò rẹ̀. Wọ́n fi wa sí ìsọ̀rí L pẹ̀lú Nàìjíríà, Sàró àti Lèsótò. Ikọ̀ méjì ni yóò là á já. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá, ní Úyò, Stéphane Sessègnon ló kọ́kọ́ sọ bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà padà borí 2–1. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn èyí, Bẹ̀nẹ̀ na Sàró 1–0 nílé. Ọkàn wa balẹ̀. Eré mẹ́rin ló kù, oṣù kẹta ọdún 2020 ni a sì ń retí.

Ọdún tí pápá dákẹ́

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta náà, CAF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù afẹsẹ̀gbá ní ilẹ̀ Áfíríkà, kéde pé àwọn eré ìpegedé kò ní wáyé mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní Bẹ̀nẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù kan náà, ìjọba fi ohun tí wọ́n pè ní cordon sanitaire sé Kútọnù, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú kan tó wà nítòsí wọn mọ́. Ẹni tó wà ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ kò lè wọ Àjàṣẹ́ bó ṣe fẹ́. Ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ kò sì lè dìde lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní òkè. Ẹnubodè Nàìjíríà ní tirẹ̀ ti wà ní títì láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 nítorí ọ̀rọ̀ fàyàwọ́. Bí a ti yíjú sí ìhín, ilẹ̀kùn ni. Bí a ti yíjú sí ọ̀hún, ilẹ̀kùn ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni bọ́ọ̀lù jẹ́ nínú irú ìnira bẹ́ẹ̀, a ó ní kí ó rántí àwọn pápá gbalasa tó wà lẹ́yìn àwọn iléèwé wa. Ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá, ọmọ Gùn àti ọmọ Fọ̀n ti ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè èdè ilé ẹnìkejì rẹ̀ kí ó tó fi bọ́ọ̀lù lé e lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí olúkúlùkù jìnnà sí ẹnìkejì, àwọn pápá yẹn dákẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, CAF sún ife náà fúnra rẹ̀ síwájú, láti oṣù kìíní ọdún 2021 sí oṣù kìíní ọdún 2022.

Ìpadàbọ̀

Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni eré tó tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ na Lèsótò 1–0, lẹ́yìn náà wọ́n bá ara wọn ta ọ̀mì 0–0. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀mì yìí sọ́kàn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ohun ìyanu kan ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ìbíní. Nàìjíríà gbá góòlù mẹ́rin wọlé Sàró kí ìṣẹ́jú 30 tó pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n Sàró dá góòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà lọ́kọ̀ọ̀kan, eré sì parí sí 4–4. Àwọn kan nínú wa fi Nàìjíríà ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. A kò mọ̀ pé àwọn góòlù mẹ́rin tí Sàró dá padà yẹn ni yóò wá bì wá ṣubú lọ́la.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2021, Nàìjíríà wá sí Àjàṣẹ́. Orí omi ni wọ́n gbà láti Èkó, lórí ọ̀sà kan náà tí àwọn baba wa ti ń fi ọkọ̀ ná ọjà láti ayébáyé. Kí wọ́n tó wọ pápá, Sàró àti Lèsótò ti ta ọ̀mì níbòmíràn, ìyẹn sì ti mú kí Nàìjíríà pegedé. Bẹ̀nẹ̀ nìkan ni eré náà ká lára. Ọ̀mì kan péré tó wa. Ìṣẹ́jú 90 pé, òdo sí òdo ni. Nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n fi kún un, Paul Onuachu sọ bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa. Bí ó ti di dandan nìyẹn kí a lọ sí Freetown láti wá ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa nílé.

Sàró kì í ṣe àjèjì

Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ibi tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Freetown ni wọ́n ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn lẹ́rú. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára wọn. Ọdún 1822 ni ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn tó padà wá sílé ni a ń pè ní Sàró. Títí di òní, ọ̀rọ̀ Yorùbá kò tíì tán nínú èdè Krio. Ẹni tí a wá ń pè ní ọlọ́ṣà nítorí bọ́ọ̀lù yìí, ẹbí wa kan ni.

Wákàtí díẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kéde pé àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Bẹ̀nẹ̀ ní àrùn náà, wọn kò sì lè ṣeré. Àwọn aláṣẹ ikọ̀ wa kọ àbájáde náà. Sàró dúró lórí ìwé. Àwa dúró lórí ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ṣú, eré kò wáyé. CAF sún un sí oṣù kẹfà, wọ́n sì gbé e lọ sí Conakry, ní ilẹ̀ Gínì.

Ní Conakry náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tún dá àríyànjiyàn sílẹ̀, eré tún sún di ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ 15, lẹ́yìn ọjọ́ 77 tó yẹ kó ti parí, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nígbẹ̀yìn. Sàró rí pẹ́náltì gbà ní ìdajì àkọ́kọ́, Kei Kamara sì gbá a wọlé. Bẹ̀nẹ̀ kò rí i dá padà. Láti ọdún 1996 ni Sàró kò ti dé ibi Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ka góòlù

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Nígbà tí eré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà parí, Bẹ̀nẹ̀ ní àmì 7, Sàró ní àmì 7. Bẹ̀nẹ̀ ti na Sàró 1–0, Sàró sì ti na Bẹ̀nẹ̀ 1–0. Iye góòlù ló kù tí a ó fi yà wọ́n. Sàró gbá 6 wọlé, wọ́n sì gbá 6 wọlé wọn. Bẹ̀nẹ̀ gbá 3 wọlé, wọ́n gbá 4 wọlé wọn. Góòlù kan ṣoṣo ló wà láàárín wa.

Níbo ni góòlù yẹn wà? Ó wà níwájú Lèsótò, níbi tí a kò ti rí àwọ̀n. Ó wà ní Àjàṣẹ́, ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ó wà nínú góòlù mẹ́ta péré tí a gbá nínú eré mẹ́fà, láàárín oṣù 19. Ìwé àyẹ̀wò Freetown kò gbá bọ́ọ̀lù kankan wọlé wa.

A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni láre. Ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù ì bá ti ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó yẹ kí àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ ẹni tí ikọ̀ méjèèjì fọkàn tán, kí ọ̀nà àyẹ̀wò kejì sì ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ eré tó pé. Onídàájọ́ orí pápá kì í wá láti ìlú ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń díje. Bí ìwé àyẹ̀wò bá ti lágbára tó fèrè rẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó ń kọ ọ́ wà lábẹ́ òfin kan náà. Níbi tí èyí kò bá sí, bí òótọ́ tilẹ̀ wà nínú ìwé náà, ẹni tí ó dun kò ní gbà á gbọ́.

Àpẹẹrẹ àwọn ará Kòmórò

Nígbà tí ife náà wá wáyé ní Kamẹrúùnù ní oṣù kìíní ọdún 2022, òfin CAF ni pé ikọ̀ tó bá ṣì ní agbábọ́ọ̀lù 11 tí ara wọn yá gbọ́dọ̀ ṣeré, ìbáà jẹ́ pé kò sí aṣọ́lé kankan láàárín wọn. Ó kan Kòmórò, erékùṣù kékeré tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 24, níwájú Kamẹrúùnù tó gbàlejò, wọn kò ní aṣọ́lé kankan tó lè ṣeré. Chaker Alhadhur, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídènà níwájú aṣọ́lé, ló wọ ìbọ̀wọ́, tó dúró sáàárín òpó méjèèjì. Wọ́n lé ẹnì kan nínú wọn jáde kí eré tó jìnnà. Síbẹ̀ 2–1 péré ni Kamẹrúùnù fi borí wọn, gbogbo Áfíríkà sì dìde kí wọn.

A kò sọ pé bí ọ̀rọ̀ Kòmórò ti rí ni ti Freetown rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ erékùṣù yẹn mú lọ sílé: ìtàn tí wọ́n lè sọ fún ọmọ wọn láìbínú sí ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ "wọ́n rẹ́ wa jẹ" nìyí. Ọmọ tó bá gbà á gbọ́ kò ní rí ìdí kankan láti dúró lórí pápá ní ìrọ̀lẹ́ láti kọ́ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Yóò kórìíra Sàró, tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, yóò sì sọ ẹ̀bi gbogbo ìjákulẹ̀ rẹ̀ sí ilé aládùúgbò. Àrùn Kòrónà gba oṣù púpọ̀ lọ́wọ́ wa, ó gba eré lọ́wọ́ wa, ó sì gba àwọn ènìyàn tí a fẹ́ràn. Kò yẹ kí a tún fi ọgbọ́n orí wa kún un fún un.

Láti ọdún 2022 ni ikọ̀ wa ti bọ́ orúkọ ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀, tí ó sì di Guépards, orúkọ ẹranko kan tó jẹ́ ìbátan ẹkùn, tí eré sísá rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ikọ̀ náà sì tún padà pegedé, fún ife ọdún 2025 ní Mòrókò. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ọmọ kan bá tún dárúkọ Freetown ní kíláàsì, ẹ fún un ní ìwé àti gègé, kí ó kọ eré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, kí ó sì fúnra rẹ̀ wá ibi tí góòlù kan ṣoṣo yẹn sọnù sí.