Bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kékeré Ṣe Wọ Inú Yunifásítì Ńlá

Bí ẹnì kan ní Kpingni bá fẹ́ ta àgbàdo, ó lè fi igbá ilé rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Àwọn aládùúgbò mọ igbá náà, wọ́n á rà á. Ṣùgbọ́n bó bá gbé àgbàdo yìí dé ọjà ọ̀nà jíjìn, àwọn oníbàárà á ní: "Igbá wo rèé? A ò mọ̀ ọ́n." Òṣùwọ̀n tí gbogbo ọjà mọ̀ ni wọ́n á bèèrè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé-ẹ̀rí rí. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn Fourah Bay College. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí wà ní Freetown, ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Sàró.

1. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Láyé ọjọ́un, wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí òkè òkun. Ní 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ọkọ̀ ogun wọn wá ń mú àwọn ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown. Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Nítorí pé "Ẹ kú" ni wọ́n fi ń kí ara wọn, àwọn ará ibẹ̀ sọ wọ́n ní Akú.

Ní 1827, ẹgbẹ́ CMS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀, kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn olùkọ́ àti oníwàásù níbẹ̀. Ọmọ Jámánì ni ọ̀gá àkọ́kọ́, Haensel ni orúkọ rẹ̀. Inú ìjọ Luther ní Jámánì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí CMS kọ́kọ́ rán lọ sí Sàró ti wá.

Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní 1822 ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Kò mọ A, kò mọ B nígbà tó dé Freetown. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nínú ìjọ Gẹ̀ẹ́sì.

2. Kí ló dé tí wọ́n fi wọ inú Durham?

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ dára, àmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò ní àṣẹ láti fúnni ní oyè yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ oyè ní láti wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ òyìnbó. Ta ló lówó ọkọ̀ yẹn?

Ní 1876, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà dara pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sí Freetown, kó ṣe ìdánwò Durham, kó sì gba oyè Durham. Àwọn ọmọ Èkó, Gold Coast àti Gambia ń wá síbẹ̀. Òṣùwọ̀n wọn ti di èyí tí gbogbo ọjà mọ̀.

3. Ohun tó ná wọn

Ẹni tó ni òṣùwọ̀n ló ń pàṣẹ ìwọ̀n. Durham ló ń sọ ohun tí ìdánwò máa bèèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ ní láti kọ́ Látìnì àti Gíríìkì, èdè àwọn ará Yúróòpù àtijọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ oko àti èdè ilẹ̀ tirẹ̀ kò sí nínú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀.

4. Wọ́n ní òṣùwọ̀n tiwọn

Sierra Leone gba òmìnira ní 1961. Ní 1967, wọ́n so Fourah Bay pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Njala, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn méjèèjì di Yunifásítì Sierra Leone. Oyè wá di ti ilé. Ní 2005, òfin tuntun ya Njala sọ́tọ̀, ó di yunifásítì fúnra rẹ̀. Fourah Bay dúró nínú Yunifásítì Sierra Leone, kò sì pàdánù orúkọ rẹ̀.

5. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́?

Tẹ́lẹ̀, Dakar tàbí ilẹ̀ Faransé ni àwọn ọmọ Dahomey ń lọ fún oyè. Ní 1970, wọ́n dá Yunifásítì Dahomey sílẹ̀. Ní 2001, ó gba orúkọ Yunifásítì Abomey-Calavi.

Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ kékeré tó wọ inú ẹgbẹ́ ńlá, ì báà jẹ́ ti àgbẹ̀, ì báà jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, kó bèèrè ohun mẹ́ta: Kí la máa rí gbà? Ta ló máa mú òṣùwọ̀n dání? Ṣé orúkọ wa á ṣì wà?

Ìbéèrè

1. Ọdún wo ni Fourah Bay dara pọ̀ mọ́ Durham?
2. Èrè wo ni wọ́n rí níbẹ̀? Kí ló ná wọn?
3. Ẹgbẹ́ wo ló wà ní abúlé yín? Bí ẹgbẹ́ ńlá bá pè é, kí lẹ máa bèèrè?