Acura: Ọkọ̀ Tó Sọ Orúkọ Ara Rẹ̀ Nù

Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni Acura TLX tó kẹ́yìn jáde ní ilé-iṣẹ́ Honda tó wà ní Marysville, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ìròyìn náà ti kárí, mi ò ní tún un kọ. Àwọn tó kọ ọ́ dárò rẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní jíìpù ni ayé ń rà báyìí, wọ́n sì kọjá lọ. Ohun tí wọn ò dúró lé lórí ló mú mi jókòó kọ èyí: káà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún Acura, tí kì í ṣe jíìpù, ni Integra. Integra yìí kan náà ni ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ṣeé pè lẹ́nu bí orúkọ èèyàn. Àwọn yòókù ni ADX, RDX, MDX: lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta, bíi nọ́ńbà ìwé ẹjọ́.

Ẹni tó bá mọ ìtàn wọn á rẹ́rìn-ín. Honda, tó ni Acura, fúnra rẹ̀ ló gbé orúkọ Integra jù sí ààtàn nígbà kan, tó fi lẹ́tà mẹ́ta dípò rẹ̀. Èyí tí wọ́n jù nù ló wá kù sílé.

Àwọn oníṣòwò mọ́tò ní Amẹ́ríkà ní ipò kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láàárín mọ́tò mẹ̀kúnnù àti mọ́tò olówó ńlá. Ẹni tó ń rà á ti kúrò ní ẹni tí Corolla tẹ́ lọ́rùn, àmọ́ Benz ńlá ṣì ga jù ú lọ. Ọkọ̀ ẹni tó kù díẹ̀ kó di bọ̀rọ̀kìnní ni. Ibẹ̀ ni Acura pàgọ́ sí, òun àti Infiniti, Lincoln àti Buick. Ìdúró ibẹ̀ kò rọrùn, torí òkè ń tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ń gùn ọ́ bọ̀.

Bí Acura ṣe débẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Ní ọdún 1981, Amẹ́ríkà fínná mọ́ Jàpáànù títí Jàpáànù fi gbà láti fi òdiwọ̀n sí iye ọkọ̀ tí yóò máa kó wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà: mílíọ̀nù kan ó lé 680,000 lọ́dún, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ojú alájàpá wò ó. Bí wọ́n bá ní àpò mẹ́wàá péré lo lè gbé wọjà, o ò ní fi àyè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ru gààrí. Ẹ̀gúsí lo máa rù. Iye ọkọ̀ ni wọ́n fi òdiwọ̀n sí, wọn ò fi òdiwọ̀n sí owó orí rẹ̀. Honda ti dá ọgbọ́n kan sí i, ó ti ń ṣe Accord ní Marysville níbẹ̀ láti ọdún 1982. Ọgbọ́n kejì ni Acura. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1986, ilé ìtajà 60 ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ méjì: Legend, tó tóbi, àti Integra, tó kéré tó sì yára. Ní Jàpáànù nígbà náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ Acura. Honda Legend àti Honda Integra ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀.

Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni Toyota gbé Lexus dé, tí Nissan sì gbé Infiniti dé. (Infiniti ló ṣe ìpolówó ọjà tó yani lẹ́nu jù: òkúta, igi àti omi ni wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn ò fi ọkọ̀ hàn rárá. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀fẹ̀ ní òkúta àti igi ló tà jù lọ́dún náà.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá ní Èkó rèé. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù mekáníìkì kan ní Ògbà, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì Acura TL ọdún 2005 kan sílẹ̀ níwájú wa. Timing belt rẹ̀ ti gbó. Ọmọṣẹ́ tí wọ́n rán lọ ra tuntun ní ọjà Ládípọ̀ dé, òógùn bò ó, páálí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ gba páálí, ó yí i síwá sẹ́yìn, ojú rẹ̀ le.

"Accord ni wọ́n kọ síbí o. Acura lèmi ń gùn."

Mekáníìkì ò gbé orí sókè. "Ẹ máa kà á lọ, ọ̀gá mi."

Ó kà á lọ: Accord V6, Odyssey, Pilot, Ridgeline. Nísàlẹ̀ pátápátá ni TL àti MDX wà.

"Ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn," mekáníìkì wí. "Ẹ̀wù ló yàtọ̀."

Òótọ́ ni. Egungun TL yẹn ni egungun Accord 2003 tí àwa ń pè ní End of Discussion. Ẹ́ńjìnnì inú MDX jẹ́ ọmọ ẹbí kan náà pẹ̀lú ti Pilot. Integra tuntun, lára Civic ni wọ́n ti gé e. Èyí kì í ṣe màgòmágó. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà ní ipò yẹn ló ń ṣe é, torí kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ta ọkọ̀ ní owó tó mọ níwọ̀n tí wọ́n bá ní láti dá egungun tuntun fún un. Awọ ìjókòó á dára sí i, ariwo ojú ọ̀nà á dínkù, ẹ́ńjìnnì á ní agbára díẹ̀ sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ronú dé ìdí rẹ̀. Bí egungun bá jẹ́ ti Honda, tí ọkàn jẹ́ ti Honda, kí ni Acura ní tí Honda ò ní? Orúkọ. Òun náà ni wọ́n sì mú, tí wọ́n sọ nù.

Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Honda wo ilé, ó rí i pé orúkọ ọmọ ti bo orúkọ ilé mọ́lẹ̀. Bí o bá bi ẹni tó ń gun Legend pé irú ọkọ̀ wo ló ń gùn, "Legend" ni yóò sọ, kò ní dárúkọ Acura. Níbi tí Yorùbá ti ń gbàdúrà pé kí ọmọ ó ju bàbá lọ, àwọn ọ̀gá Honda rí i bí àfojúdi. Vigor ló kọ́kọ́ lọ. TL ló jẹ oyè rẹ̀. Nígbà tí Legend tuntun dé fún ọdún 1996, RL ni wọ́n pè é. Ní ọdún 2001, Integra di RSX. Èrò wọn ni pé bí orúkọ ọkọ̀ bá ti di lẹ́tà tí kò nítumọ̀, ẹnu á fi dandan pe Acura. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ṣe ya bí omi láàárín ọdún wọ̀nyẹn àti lẹ́yìn wọn: CL, TSX, RLX, ILX, ZDX, TLX. SLX tilẹ̀ wà ní àárín wọn, tó jẹ́ Isuzu Trooper pọ́nńbélé tí wọ́n kàn lẹ àmì Acura mọ́ níwájú. Ẹni tó bá ta Legend rẹ̀ tó fẹ́ ra tuntun, ọmọ ẹni tí kò mọ̀ ni yóò bá nílé.

Honda nìkan kọ́ ni àrùn yìí mú. Lincoln gbé ọkọ̀ kan jáde fún ọdún 2006, wọ́n sọ ọ́ ní Zephyr. Kó tó pé ọdún kan dáadáa, wọ́n ti sọ ọ́ di MKZ. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa pe MK yẹn ní "Mark", nígbà tí kò sẹ́ni tó gbọ́, wọ́n ní ó dáa, ẹ máa pe lẹ́tà ọ̀hún bó ṣe wà. Johan de Nysschen, ọmọ South Africa tó ń darí Infiniti, sọ ní ìparí ọdún 2012 pé gbogbo ọkọ̀ wọn yóò máa jẹ́ Q tàbí QX láti ìgbà náà lọ. FX tí àwọn ọmọ Èkó fẹ́ràn di QX70. Ní ọdún 2014 ó bọ́ sí Cadillac, ó sì ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀: CT6, XT5. Escalade ni wọn ò fọwọ́ kàn. Lincoln náà ò fọwọ́ kan Navigator. Àwọn méjèèjì yìí ni a ṣì ń dárúkọ ní òde ìnáwó dòní.

Wọ́n á ní ṣebí Lexus ń lo lẹ́tà, BMW ń lò ó, owó sì ń wọlé fún wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Lẹ́tà kọ́ ni àrùn. RX ni RX láti ọdún 1998 títí di òní. Ẹni tó ra ti ìgbà yẹn mọ èyí tí ọmọ rẹ̀ ń rà. Kódà nínú ilé Acura, MDX dé ní ọdún 2000, wọn ò sì yí i padà rí. Ẹ dúró sí Ọ̀jọ́ta kí ẹ sọ pé ẹ ń wá MDX tòkunbọ̀, kò sẹ́ni tí yóò bi yín pé kí nìyẹn. Òun náà ló ń tà jù fún wọn ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà mẹ́ta di orúkọ torí wọ́n fi í sílẹ̀ kó gbó. Ìyípadà ló ń pani. Ní tiwa níbí, bí ilé-iṣẹ́ ò bá tilẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ, a ó bá wọn sọ ọ́: Big Daddy, Muscle, a ò bèèrè lọ́wọ́ Toyota.

Acura bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún 2015. Wọ́n gbé àkọlé ìpolówó àtijọ́ jáde padà, wọ́n dá Type S padà, àmì tí wọ́n máa ń fi sára ọkọ̀ wọn tó lágbára jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Integra padà dé ọjà: ẹ́ńjìnnì lítà kan ààbọ̀ tó ní turbo, agbára ẹṣin 200, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀, àti gíà ọlọ́wọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ìpolówó rẹ̀ kò wo ojú àgbà rárá. Fíìmù àwòrán kékeré ti irú àwọn ará Jàpáànù, Chiaki's Journey, ni wọ́n ṣe, èyí tí ọmọbìnrin kan ti ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje, wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn ní àkókò àjọ̀dún fíìmù Sundance ní oṣù Kìíní ọdún náà. Wọ́n ṣèlérí NFT fún ẹni 500 àkọ́kọ́ tó bá san owó ìdádúró. (Ta ló tún ń bèèrè NFT lónìí?) Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé ju ìdajì àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ló mú gíà ọlọ́wọ́. Kì í ṣe fíìmù àwòrán ló ṣe ìyẹn. Àwọn tó rántí Integra ọdún 1997 ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, òun ni wọ́n mú ní káà tó peregedé jù fún Amẹ́ríkà ti Àríwá.

Ṣé orúkọ ló wá jí òkú dìde? Ìṣirò ò jẹ́ kí n pariwo. Acura ta ọkọ̀ tó lé ní 209,000 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, wọn ò sì tíì débẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2022 ó já sí nǹkan bí 102,000, ní 2023 ó gòkè dé ohun tó lé ní 145,000, ní 2024 ó tún sọ̀ sí nǹkan bí 132,000. Ọdún 2022 yẹn ni ọ̀wọ́n ẹ̀rọ kéékèèké inú ọkọ̀ fi gbogbo ilé-iṣẹ́ ha ilẹ̀, nítorí náà apá kan gígòkè yẹn kì í ṣe ti Integra. Àmọ́ ẹ wo ohun kan. TLX tó kẹ́yìn yẹn, kò bá Accord pín egungun. Acura dá egungun tirẹ̀ ṣe fún un, ohun tí àwọn alárìíwísí ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Type S rẹ̀ ní agbára ẹṣin 355. Ní ọdún 2024, kò ta tó 8,000. Integra tó jẹ́ Civic tó wẹ̀ tó pàwọ̀ dà ta ju 24,000 lọ. Lóòótọ́, owó Integra fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kéré sí tirẹ̀, ìyẹn nìkan lè tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Èmi ò rò pé ó tó. Mo rò pé ẹni tó ń ra ọkọ̀ irú èyí mọ̀ pé egungun ò yàtọ̀ púpọ̀, orúkọ tó lè pè níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń fowó rà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ṣíbí bu ọbẹ̀ tí n kò sè, èrò ni.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 kan náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ TLX ò tíì tútù, Acura gbé àwòṣe ọkọ̀ kan síta ní Monterey, ní California. Jíìpù ni, ilẹ̀kùn mẹ́rin, iná mànàmáná ló ń lò, kò ní gíà ọlọ́wọ́. Wọ́n ní wọ́n ti wá orúkọ fún un nínú ìtàn ilé. RSX ni wọ́n sọ ọ́, lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi lé Integra jáde nílé ní ọdún 2001.