Ọmọ tó ń kọ́ chess, ìwà rẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀ eré

Àwọn àgbà tó ń ta ayò ní Sábó, ì báà jẹ́ ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀ta kan kì í jọ ti èkejì. Ẹnì kan ń yára jẹ. Ẹlòmíràn ń fara balẹ̀ kó ọmọ ayò jọ sójú kan títí yóò fi di odù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni chess rí, eré tí Tunde Onakoya ta fún wákàtí 60 ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ojúlé 64 ló wà lórí ọpọ́n rẹ̀. Ọba, olorì àti àwọn ìjòyè dúró lẹ́yìn, ọmọ ogun 8 sì wà níwájú wọn.

Ẹni tó fẹ́ràn ìjà kíákíá, kó ti ọmọ ogun iwájú ọba sókè ní ojúlé méjì. Ọ̀nà á là fún olorì àti bíṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní sùúrù lè ti ti iwájú olorì, nítorí olorì fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Irú eré bẹ́ẹ̀ sábà máa ń falẹ̀.

Àṣìṣe ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni pé wọ́n ń kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ eré sórí láìmọ ìdí rẹ̀. Bí alátakò bá yà kúrò lọ́nà tí wọ́n mọ̀, ọ̀rọ̀ á dojú rú. Ìdí náà kò sì le: kí a gba àárín ọpọ́n, kí àwọn ìjòyè tètè jáde, kí a fi ọba pamọ́.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ chess, ẹ bi í pé: "Kí ló dé tí o fi ta ìyẹn?" Bí kò bá rí èsì fọ̀, ibẹ̀ gan-an ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.