Ìṣirò Tí Ń Tú Àṣírí Àyípadà Díẹ̀díẹ̀

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n ṣe ń bàjẹ́. Ní ọjà àlòkù irin, orí òṣùwọ̀n ni èrè olùtà wà. Bí òṣùwọ̀n bá ṣẹ́ lójijì, gbogbo ojú ni yóò rí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ta ni yóò fura?

Ní ọdún 1924, Walter Shewhart, ará Amẹ́ríkà, fa ààlà sí òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán ìṣirò: iye tí ó bá kọjá ààlà ni a ó wádìí. Ọ̀nà yìí tètè ń rí àṣìṣe ńlá, kì í tètè rí kékeré. Ní 1954, E. S. Page, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé òmíràn kalẹ̀: kí a máa ro àṣìṣe pọ̀.

Ká ní a ń fi irin tí ó wọn kílò 20 gééré dán òṣùwọ̀n wò láràárọ̀, tí ó sì fi gíráàmù 0, 10, 10, 20, 20 dín. Bí ààlà ọjọ́ kan bá jẹ́ 30, kò sí èyí tí ó kọjá a. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ wọn ti di 60. Bí ààlà àròpọ̀ bá jẹ́ 50, àṣírí ti tú. Òṣùwọ̀n tí ó pé a máa dín lónìí, a sì máa lé lọ́la. Àròpọ̀ rẹ̀ kì í jìnnà sí òdo. Èyí tí àṣìṣe rẹ̀ ń gorí ara wọn níhà kan ṣoṣo ti yẹ̀: kí a tún un ṣe kí èrè olùtà tó ṣòfò.