Ìgbà Tí Òkè Ṣe é Gùn, Ìgbà Tí Omi Ṣe é Wẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ràn àtimáa gun òkè, kó máa wẹ̀ lódò, kó sì máa rìn nínú igbó, láti Ìdànrè títí dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, oṣù méjèèjìlá ló ní. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ohun kan náà ni yóò máa ṣe nínú wọn. Òjò ló ń pín in. Ẹni tí kò bá ka òjò sí lè náwó ọkọ̀ lọ wo omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tàbí kó débi àpáta tó ń yọ̀ bí ilá.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìdànrè. Orí òkè ni ìlú wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí wọ́n wà báyìí, ààfin àtijọ́ sì wà lókè títí dòní. Àtẹ̀gùn tó gbéni débẹ̀ lé ní 600, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ibi ìsinmi sí i lọ́nà. Ẹ lò ó. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dókè.

Òkúta akọ ni òkè náà, òkúta akọ kì í sì í mumi. Òjò tó bá rọ̀ sóko, ilẹ̀ á fa díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá rọ̀ sórí àpáta, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ibi tó ń gbà ṣàn ni ewédò ń hù sí. Bí oòrùn bá pa á, á gbẹ, á dúdú, ẹsẹ̀ á dúró lórí rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kán òjò díẹ̀ tún bà á, ó ti yọ̀ nìyẹn. Ẹni tó mọ òkè gùn kì í tẹ àwọn ìlà dúdú wọ̀nyẹn nígbà òjò. Bí àrá bá sì ti ń kù, kí onítọ̀hún má dúró lórí àpáta gbalasa.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà ní tirẹ̀. Àpáta ti ń gba oòrùn láti àárọ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ooru ń bọ̀ látòkè, ooru ń bọ̀ látìsàlẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ara á tutù, ṣùgbọ́n eruku á bo gbogbo ohun téèyàn torí ẹ̀ gòkè. Oṣù Kọkànlá ni èmi fara mọ́: òjò ti ń dá, eruku kò tíì dé, igbó ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Gígùn ń gba èémí, sísọ̀ ń gba orúnkún. Iṣan iwájú itan ló ń dá ìwúwo ara dúró lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan téèyàn bá ń bọ̀ nílẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa gbọ̀n lẹ́yìn tí òkè ti tán.

Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje ni omi rẹ̀ ti ń já. Ìgbà òjò ló ń hó jù, ìgbà náà ló sì léwu jù, torí òjò lè máa rọ̀ lókè nígbà tí oòrùn ń ràn nísàlẹ̀. Bí omi bá ṣàdédé pọ́n, tó ń gbé ewé àti igi wẹ́wẹ́ bọ̀, ẹ jáde. Ẹ má dúró ya fọ́tò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi á dín, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìpele òkè á rọrùn.

Ìkògòsì ní Èkìtì ni òjò kò rí mú. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó pàdé. Omi òjò àtijọ́ ló wọ inú pàlàpálá àpáta lọ sísàlẹ̀ jíjìn, níbi tí inú ilẹ̀ ti gbóná, tó wá gba ibòmíràn padà sókè. Ìrìn náà pẹ́ débi pé òjò ọ̀sẹ̀ yìí kò kan omi tó ń sun lónìí, ìyẹn ni kò fi yí padà ní ọyẹ́ tàbí ní òjò. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé ìwọ̀n ooru rẹ̀ tó 70 °C. N kò gbà. Omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ á bó èèyàn lára, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń wẹ̀ nínú èyí. Bíi 37 °C, ìyẹn ooru ara èèyàn, ló sún mọ́ òótọ́.

Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, omi tó ń já látòkè lòun náà, kò jìnnà síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ kan wo méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ lọ gun Àrìnta, kí ẹ fi Ìkògòsì kẹ́yìn, kí omi gbígbóná lè bá yín tú iṣan tó ti le.