TÁBÌLÌ ÌKỌ̀WÉ ALÁPÒÓTÍ FÚN ILÉ ÀGBẸ̀

Ìwé ilẹ̀, ìwé ìrìbọmi, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ: ọjọ́ tí a bá ń wá wọn ni a ń mọ iyì wọn. Ikán kò rí ère òkúta Èsìẹ́ jẹ, èyí tí a kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún ní ọdún 1945. Ṣùgbọ́n ìwé tí a ká sí abẹ́ ẹní ní Bàbáńlá, oúnjẹ rẹ̀ ni. Ó yẹ kí onílé kan tábìlì tí ó ní àpótí àfàyọ.

Ìrókò tàbí apá ni kí ó lò, nítorí ikán kì í tètè jẹ wọ́n. Arère rọrùn láti rẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Kí ó to pákó náà sí abẹ́ òrùlé títí yóò fi gbẹ, kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàrin wọn fún afẹ́fẹ́. Íǹṣì 30 tó fún gíga tábìlì.

Igi a máa wú ní ìgbà òjò, a sì máa sún kì ní ìgbà ọyẹ́. Àpótí tí a kàn ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó sì há gádígádí, òjò Òkúdù yóò tì í pa. Nítorí náà, kí a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí a sì fi àbẹ́là pa ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹsẹ̀ tábìlì dúró lórí òkúta pẹlẹbẹ, kí ó má ṣe kan ògiri. Inú ọ̀nà amọ̀ ni ikán ń gbà gun igi. Ẹni tí ó bá rí i ní òwúrọ̀, kí ó má dúró di alẹ́ kí ó tó gbá a dànù.